Sítáǹpù tí kálámù gba ojú rẹ̀ kọjá: ìparẹ́ ni, ìfagilé ni, àbí òǹtẹ̀?

Láti Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí à ń ṣe fún àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ, àbúrò wa láti Ẹ̀pẹ́ dábàá pé kí á máa pe sítáǹpù tí wọ́n fi kálámù fa ìlà kọjá lójú rẹ̀ ní “sítáǹpù ìparẹ́”. N kò fara mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ ìwé.

Ohun tí a bá pa rẹ́, a kì í rí i mọ́. Tíṣà fi dọ́sítà nu ojú pátákó, ohun tó kọ síbẹ̀ pa rẹ́. Sítáǹpù tí kálámù gba ojú rẹ̀ kọjá kò pa rẹ́ rárá, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú ọba àti iye owó rẹ̀. A kàn fi ìlà sọ fún ayé pé wọ́n ti lò ó ni. Nínú òwò yìí, ẹni tó ń pa nǹkan rẹ́ ni oníjìbìtì tó ń fi àsìdì wẹ ìlà náà kúrò, kí ó lè tà á bí èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò rí. Tí a bá wá gbé ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí iṣẹ́ oníjìbìtì fún iṣẹ́ akọ̀wé, kí ni a ó pe ti oníjìbìtì?

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un tẹ́lẹ̀: fagi lé. Ẹ tú u wò: fa, igi, lé. Igi ibẹ̀ yẹn kì í ṣe igi oko, ìlà tí kálámù fà ni. A ti ń lo ọ̀rọ̀ náà fún ìbò àti ìpàdé títí a fi gbàgbé pé orí bébà ló ti ṣẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí á kọ sílẹ̀ nìyí: èyí tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fi irin àti yíǹkì tẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, èyí tí kálámù gba ojú rẹ̀ kọjá, wọ́n fagi lé e, èyí tí wọ́n wẹ ìlà rẹ̀ kúrò, ìparẹ́ ni. Ẹni méjì tó ń dúnàádúrà lórí WhatsApp, tí olùrà kò fojú kan ọjà, orí ìyàtọ̀ mẹ́ta yìí ni owó wọn dúró lé.

Ìdí tí ìfagilé fi ń já owó sítáǹpù wálẹ̀ kò fara sin. Àwòrán ni àwọn tó ń kó o jọ ń rà. Òǹtẹ̀ tó bá bọ́ sí igun kan yóò fi ojú ọba sílẹ̀, yóò sì sọ ìlú àti ọjọ́ fún ọ. Ìlà kálámù máa ń gba àárín imú kọjá, kò sì sọ nǹkan kan. Yàtọ̀ sí èyí, irin àti kókó ara igi óákù ni wọ́n fi ń ṣe tàdáwà àtijọ́ ti àwọn òyìnbó. Àsìdì wà nínú rẹ̀. Ìlà tó dúdú tẹ́lẹ̀ yóò di àwọ̀ ilẹ̀, yóò wọnú bébà jáde sí ẹ̀yìn, nígbà mìíràn bébà yóò là gan-an níbi tí kálámù gbà. Àwa tí ọ̀sà yí ká gbọ́dọ̀ tètè mọ èyí, nítorí ọ̀rinrin máa ń mú kí irú jíjẹ bẹ́ẹ̀ yára. Èyí tó sì ń ba olùrà lọ́kàn jẹ́ jù ni pé kò dá a lójú bóyá sítáǹpù náà tilẹ̀ gun lẹ́tà rí. Ó lè jẹ́ orí rìsíìtì ni wọ́n ti ṣí i.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Sítáǹpù àkọ́kọ́ tí ìjọba wọn ṣe, ti sẹ́ǹtì 5 àti sẹ́ǹtì 10 ní 1847, onílà kálámù pọ̀ nínú wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké kò ní irin òǹtẹ̀. Kátálọ́ọ̀gì, ìwé tó ń to iye owó sítáǹpù, ya owó onílà sọ́tọ̀, ó sì kéré sí ti olóǹtẹ̀ dáadáa.


Láti Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé o. Mo ti fa “ìparẹ́” sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n “ìfagilé” náà kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lónìí, ìbò June 12 ni yóò wá sí i lọ́kàn: ohun tí wọ́n sọ di òfo, tí kò níyì mọ́. Sítáǹpù tí kálámù kọjá lójú rẹ̀ ṣì níyì díẹ̀, ó kàn jẹ́ pé a kò lè fi í fi lẹ́tà ránṣẹ́ mọ́ ni. Ẹ má sì gbàgbé pé akọ̀wé tó fa ìlà náà, iṣẹ́ ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ gan-an ló ń ṣe. Ohun èlò nìkan ló yàtọ̀. Kí ló dé tí a kò fi ní pè é ní “òǹtẹ̀ àfọwọ́kọ”? A ti mọ àfọwọ́kọ, a mọ òǹtẹ̀, a kàn so wọ́n pọ̀ ni.

Ìbéèrè kejì: sítáǹpù orí rìsíìtì àti ìwé ilẹ̀ àtijọ́ ńkọ́, èyí tí ẹni tó gba owó fọwọ́ sí lójú rẹ̀? Ìfagilé náà ni ẹ ó pè é?


Láti Àgbádárìgì

Àbúrò, o ṣeun. Ti òǹtẹ̀ àfọwọ́kọ yẹn dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí a fi da aṣọ bo gbogbo wọn. Fi í sílẹ̀ fún irú kan péré: èyí tí akọ̀wé kò ní irin, tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ sí i. Iyẹn ṣe iṣẹ́ òǹtẹ̀ pé pérépéré, nítorí náà ó tọ́ kí ó jẹ́ orúkọ òǹtẹ̀. Tó bá ṣì wà lórí àpò lẹ́tà rẹ̀, àwọn tó ń tọ ìtàn ìfìwéránṣẹ́ lẹ́yìn lè san owó lé e ju olóǹtẹ̀ lọ, pàápàá tí ìlú náà bá kéré. Tí o bá ya á kúrò lára àpò, o ti ba a jẹ́: ààbọ̀ orúkọ ìlú yóò wà lójú sítáǹpù, ààbọ̀ yóò kù sórí bébà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kàn fa X gbọ̀ọ̀rọ̀ sí lójú, tí kò sọ ìlú, tí kò sọ ọjọ́, òǹtẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Ní ti June 12, òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe ń dún: tí ìjọba bá fọwọ́ sí nǹkan, a ní wọ́n bu òǹtẹ̀ lù ú, tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, a ní wọ́n fagi lé e. Òyìnbó pe iṣẹ́ méjèèjì ní orúkọ kan lórí sítáǹpù, “cancel”. Èdè wa ti yà wọ́n, bí ọjà ṣe yà wọ́n nìyẹn pẹ̀lú. N kò rí ìdí tí a ó fi pa ìyàtọ̀ náà pọ̀ nítorí pé àwọn oníwèé ìròyìn ń lo ọ̀kan lójoojúmọ́.

Ti rìsíìtì: kì í ṣe ìfagilé, ìbuwọ́lù ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1862 tó mú sítáǹpù owó orí wá ní kí ẹni tó lò ó kọ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sí i lójú. Nídìí irú sítáǹpù bẹ́ẹ̀, kálámù kì í ṣe àbùkù, òun gan-an ni ojúlówó. Bí olóǹtẹ̀ bá tilẹ̀ wọ́n jù ú lọ, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé oníkálámù ti bàjẹ́. Wàhálà wà níbi tí sítáǹpù kan náà bá ń ṣe iṣẹ́ méjì, bí àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1881 àti ọ̀pọ̀ ti àwọn ìlú tí wọ́n ń ṣàkóso. Èyí tí iye owó ojú rẹ̀ pọ̀ nínú wọn, ìwé ilẹ̀ àti ìwé àdéhùn ló ń jẹ ẹ́ ju lẹ́tà lọ. Bí o bá rí ọ̀kan níta, wo etí rẹ̀: ìbuwọ́lù máa ń gun sítáǹpù kọjá sórí bébà ní ọ̀tún àti òsì, nítorí náà, tí wọ́n bá ti ṣí i kúrò, ìlà yóò gé gééré sí eyín sítáǹpù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ẹni tó bá sì ṣì ní ìwé ilẹ̀ náà lódindi lọ́wọ́, kí ó jọ̀wọ́ fi sítáǹpù sílẹ̀ síbi tó wà.

Má sì rò pé ìbuwọ́lù ń ba owó jẹ́ nígbà gbogbo. Sítáǹpù sẹ́ǹtì kan ti British Guiana (Guyana òde òní, ní Gúúsù Amẹ́ríkà), ti 1856, tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí ayé mọ̀, lẹ́tà E.D.W. wà lójú rẹ̀, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló fi kálámù kọ ọ́ kí ayédèrú má baà wọlé. Dọ́là mílíọ̀nù 9.48 ni wọ́n tà á ní 2014; wọ́n tún tà á ní mílíọ̀nù 8.3 ní 2021. Ẹni tó rà á ní 2014, oníṣòwò bàtà, ya bàtà gogoro obìnrin sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn olówó náà ń fi kálámù ṣeré. Ṣé ìfagilé ni a ó pe E.D.W.? Rárá o. Òǹtẹ̀ ti Demerara, ẹkùn kan níbẹ̀, tún wà lójú rẹ̀, òun ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Kí á wá padà sọ́dọ̀ oníparẹ́, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù. Ìjà náà ti pẹ́: ní 1840 tí Penny Black, sítáǹpù àkọ́kọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde, òǹtẹ̀ pupa ni wọ́n ń lù sí i, àwọn ènìyàn ń wẹ̀ ẹ́ kúrò, ní 1841 wọ́n yí òǹtẹ̀ sí dúdú, wọ́n sì yí sítáǹpù náà sí pupa. Ti tàdáwà, àsìdì oxalic tí à ń fi yọ ìpẹtà lára aṣọ lè mú un kúrò. Ohun tí àsìdì kò lè mú kúrò ni ojú ọgbẹ́. Fi ẹ̀mú kékeré gbé sítáǹpù náà, pa iná yàrá, jẹ́ kí iná tọ́ọ̀ṣì wá láti ẹ̀gbẹ́, nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Níbi tí irin kálámù ti tẹ bébà, wà á rí poro tóóró, nígbà mìíràn méjì tó jọ rìn, nítorí ẹnu kálámù là sí méjì. Gbé e sábẹ́ iná UV (irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí): tàdáwà tí ojú lásán kò rí mọ́ á yọ dúdú, ibi tí àsìdì dé á sì tàn yàtọ̀ sí ìyókù. Yí i padà; tí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ bá tuntun jù fún ọjọ́ orí rẹ̀, béèrè ẹni tó fi í sí i.

Má sì fi omi dán an wò. Púpọ̀ nínú sítáǹpù Èkó tó jáde láti 1887 jẹ́ elésè-àlùkò, yíǹkì tí wọ́n sì dìídì fi tẹ àlùkò àti àwọ̀ ewé nígbà náà ni èyí tí yóò bá ìlà lọ tí ẹnikẹ́ni bá gbìyànjú láti wẹ ìlà. Rẹ ẹ́ sínú abọ́, láìpẹ́ omi á di àlùkò, sítáǹpù á di eérú.


Láti Ẹ̀pẹ́

Mo ti gbà, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ mẹ́rin sílẹ̀: olóǹtẹ̀, olóǹtẹ̀ àfọwọ́kọ, afagilé, abuwọ́lù. Oníparẹ́ ṣe ìkarùn-ún, òun nìkan ni mo kọ “ìkìlọ̀” sí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ku ti òde òní: sítáǹpù tí ẹ̀rọ fò, tí ẹnì kan wá fi bírò fa ìlà wíríwírí sí kí lẹ́tà tó kúrò. Mo fẹ́ kọ “ìfagilé oníbírò” kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ ti tàdáwà, nítorí yíǹkì bírò ní epo nínú, omi kò ràn án, bí ẹnikẹ́ni bá sì fi sípírítì pa á, ṣe ni yóò tàn ká. Àti èyí tí ìlà kálámù àti òǹtẹ̀ jọ wà lójú rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ èwo ni yóò jẹ́?


Láti Àgbádárìgì

Oníbírò dára, kọ ọ́ sílẹ̀. Ti ìkejì, wo èyí tó wà lókè lábẹ́ awò. Tí ìlà bá gun orí òǹtẹ̀, olóǹtẹ̀ ni, a kàn tún fagi lé e ni. Tí òǹtẹ̀ bá gun orí ìlà, tí ó sì já níbi poro kálámù, fi í sábẹ́ ìkìlọ̀ náà, nítorí ó lè jẹ́ oníjìbìtì ló wá lu òǹtẹ̀ bo ìlà.