Bí nǹkan bá ṣe aláìsàn lórí àga eyín, kí ló yẹ kó wà nílẹ̀?

Ẹni tó béèrè: Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ṣí iléewòsàn eyín kékeré. Èmi, nọ́ọ̀sì kan àti akọ̀wé kan péré la máa wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí nǹkan má lọ ṣe aláìsàn lójijì, kí n má mọ ohun tí màá kọ́kọ́ mú. Oògùn wo ni kí n rà? Ṣé ó pọn dandan kí n ra AED, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná mú kí ọkàn padà máa lù dáadáa?

Dókítà eyín: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Dídákú lẹ máa rí jù, pàápàá nídìí abẹ́rẹ́. Ẹ dá àga sẹ́yìn kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kì í pẹ́ tó fi ń lajú. Aboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹni tí kò bá tètè jí, ẹ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kíá.

Oògùn kò pọ̀: abẹ́rẹ́ adrenaline fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ nǹkan lójijì tí ọ̀fun rẹ̀ ń dí, aspirin 300 mg fún ìkọlù ọkàn, GTN tí wọ́n ń fín sábẹ́ ahọ́n fún àyà ríro, salbutamol fún ikọ́ fée pẹ̀lú spacer (ike tí wọ́n ń gbà fa oògùn náà símú), glucose (ṣúgà) àti abẹ́rẹ́ glucagon fún ẹni tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, àti midazolam fún gìrì tó bá lé ní ìṣẹ́jú 5. Ọ́síjìn ńkọ́? Kò gbọdọ̀ tán láé. Ẹ ra AED náà, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Adrenaline yẹn, ṣé apá ni kí n gún un sí àbí itan?

Dókítà eyín: Itan, ní àárín, lápá ìta. Fún àgbàlagbà, 0.5 mg. Bí kò bá sàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ tún un fún un. Ẹ má dúró wá oògùn ara yíyún kiri nígbà tí ọ̀fun ń dí.

Nọ́ọ̀sì eyín: Èmi ò fara mọ́ ọn pé oògùn ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ pín iṣẹ́ ná: ta ló máa dúró ti aláìsàn, ta ló máa gbé ọ́síjìn wá? Akọ̀wé ni kó pe ọkọ̀ aláìsàn, kó sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà láti mú wọn wọlé. Ẹ jọ máa fi dánra wò. Ẹ tún máa yẹ ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ wò: glucagon tí kò sí nínú fíríìjì kì í lò ju oṣù 18 lọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn: Bí ọkàn bá dúró, ẹ lè tẹ àyà lórí àga náà ní ìgbà 30, kí ẹ sì fún un ní èémí 2, kí ẹ máa tún un ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ti àpótí ìjókòó bọ abẹ́ ẹ̀yìn àga kó má baà máa mì. Ní gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá wá, ẹ tún bi í léèrè: oògùn wo lẹ ń lò báyìí? Ṣé ẹ ti jẹun?