Píjò Bàbá ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí iná, ẹ gbà mí o!

Ọmọ Pòrógun (Leeds, àmọ́ ilé ni mo wà báyìí):
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ nípa Píjò 504? Mo wá ṣọdún Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ojúde Ọba ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Bàbá sì ti fàáké kọ́rí pé Píjò òun lòun máa gbé lọ bá àwọn ẹgbẹ́ òun, òun ò wọ mọ́tò ẹlòmíì. Tí mo bá tẹ iná, ó ń sáré geere. Kí n ṣáà gbẹ́sẹ̀ kúrò, gbogbo ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, sítíà á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi, tó bá yá, á kú. Àná ló kú sójú títì, àwọn ọlọ́kadà bú mi débi tí wọ́n ń búni dé. Mẹkáníìkì ní kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò, ló bàjẹ́, ká ra òmíì. Owó tó pè ń dẹ́rù bà mí. Ṣé kí n san án?

Ìjẹ̀bú-Igbó (Birmingham):
MÁ SAN ÁN. Àbúrò, má san án o. Èmi ra kábúrétọ̀ fún 504 tèmi níbí, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi. A dè é tán, mọ́tò ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹ̀ ló ti gbẹ tó sán, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Owó ẹ̀ ò tó oúnjẹ ọ̀sán! Tí mọ́tò bá ń sáré dáadáa tó jẹ́ síló (tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ iná) nìkan ló ti ń gbọ̀n, wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń jí wọlé. Lórí eré, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pọ̀, èyí tó ń jí wọlé ò hàn. Ní síló, ilẹ̀kùn kábúrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń fà. Ihò kékeré bàyìí, á dà á rú.

Ìkẹ́nnẹ́ (Houston):
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì bi í nípa plọ́ọ̀gì, ẹ ti dájọ́. Àǹtí, ẹ jẹ́ kó wà ní síló, kẹ́ ẹ fi ẹ̀mú olọ́wọ́ rọ́bà yọ wáyà plọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa dá a padà. Èyí tẹ́ ẹ bá yọ tí ìró ẹ́ńjìnnì ò yí padà, silíńdà yẹn ò ṣiṣẹ́. Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án o! Lẹ́yìn náà, ẹ tú plọ́ọ̀gì wò. Tí ẹnu ẹ̀ bá dúdú tó sì gbẹ, epo ló pọ̀ jù. Tó bá funfun, afẹ́fẹ́ ló pọ̀. Tó bá tutù fún ọ́ìlì, ẹ̀yin àti Bàbá ẹ jókòó sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tún wo kọ́ńtáàtì (irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé kí plọ́ọ̀gì lè tan iná), bíi 0.4 mm ló yẹ kó ṣí.

Ọmọ Pòrógun:
Mo ti ṣe é. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yí padà. Plọ́ọ̀gì funfun.

Ìjẹ̀bú-Igbó (Birmingham):
Kí ni mo wí?

Ọmọ Ṣágámù (Toronto):
Po ọṣẹ mọ́ omi, rọ ọ́ sínú igò tẹ́ ẹ fi ń fín aṣọ tẹ́ ẹ bá ń lọ̀ ọ́. Fín in yí gásíkẹ́ẹ̀tì ká, àti ìdí gbogbo họ́ọ̀sì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ìró bá ti yí padà nìyẹn. Má jẹ́ kí wọ́n fi pẹtiróòlù ṣe é. Bónẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi jóná báyẹn.

Ọmọ Pòrógun:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun! Mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ họ́ọ̀sì kan tó lọ sídìí bíréèkì, ó fi bóòtù dí i, síló dúró jẹ́ẹ́! Ó ní ká máa wà á bẹ́ẹ̀ títí ọdún á fi parí. Ṣé a ti bọ́?

Ìkẹ́nnẹ́ (Houston):
HÀÀÀ! Ẹ má gbé e jáde nínú ọgbà!

Ìjẹ̀bú-Igbó (Birmingham):
Họ́ọ̀sì sẹ́fò nìyẹn, ohun tó ń bá ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì kó má le! Ta ni mẹkáníìkì yẹn?

Ọmọ Ṣágámù (Toronto):
Ẹ rọra bú ọkùnrin náà. Bí wọ́n ṣe ń wá a náà nìyẹn. O dí i, síló dúró, o ti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jí wọlé. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin fi kábúrétọ̀ Faransé wá, bóòtù kan ló fi rí i.

Ìjẹ̀bú-Igbó (Birmingham):
Mi ò bá a jà pé ó dí i. Pé kí bàbá àgbàlagbà máa wà á bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá a jà. Bíréèkì á mú, àmọ́ ẹsẹ̀ ta ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́?

Àgbà Ìṣarà (Dublin):
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo wà á bẹ́ẹ̀ rí kí n tó kúrò nílé. Tírélà dúró gbì níwájú mi lọ́nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ́. Mo tẹ bíréèkì, àfi bíi pé mo tẹ ògiri. Inú igbó ni mo sọ ọ́ sí kí n má bàa wọ abẹ́ tírélà. Mọ́tò àyálò ni, mo ṣì ń san gbèsè ẹ̀ dọjọ́ tí mo wọ báàlù. Ọmọ mi, dá họ́ọ̀sì yẹn padà. Pa mọ́tò, tẹ bíréèkì léraléra títí á fi le, má gbẹ́sẹ̀ kúrò, wá ṣíná. Tí ẹsẹ̀ ẹ bá rì díẹ̀ bó ṣe ń ṣíná, sẹ́fò ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá rì, họ́ọ̀sì ló la, tàbí fáàfù, tàbí rọ́bà inú sẹ́fò ló ya. Họ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó (Birmingham):
Ẹ ṣeun, bàbá. Níbí, epo E10 (pẹtiróòlù tí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú ẹ̀ tó 10%) tí wọ́n gbé dé ní 2021 ò bá àwọn rọ́bà àtijọ́ yìí lára mu, E5 tí ẹ́tánọ́ọ̀lù ẹ̀ kéré ni mò ń rà. Mọ́tò tó ti lé ní 40 ọdún, MOT (àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún) ò pọn dandan fún un mọ́, èmi ni mò ń yẹ họ́ọ̀sì mi wò.

Ìkẹ́nnẹ́ (Houston):
Ẹ̀yin ará UK, òjò wo lẹ gbé 504 sí? Houston lọkọ̀ ti ń rí oòrùn.

Ìjẹ̀bú-Igbó (Birmingham):
Oòrùn tó yan dáṣíbọ́ọ̀dù yín!

Ọmọ Ṣágámù (Toronto):
Ẹ gbé Píjò yẹn wá sí Ṣágámù, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń bẹ níbẹ̀. Òde mọ aṣọ ẹgbẹ́ í dá, wọn ò mọ mọ́tò.

Ọmọ Pòrógun:
Ẹ kúkú ń wá wo aṣọ náà lọ́dọọdún! A ti pààrọ̀ họ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ rì. Gbígbọ̀n náà dín kù gan-an, àmọ́ ó ṣì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ní àárọ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ (Houston):
Jẹ́ẹ̀tì síló ni, ihò kékeré tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀ ní síló. Afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀n ọ́n, ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́, á fẹjú.

Ìjẹ̀bú-Igbó (Birmingham):
Tápẹ́ẹ̀tì ni, ohun tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì.

Àgbà Ìṣarà (Dublin):
Ṣé àga ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì ń rùn bó ṣe máa ń rùn, tí oòrùn bá ti pa á? Inú 504 la máa ń há sí tá a bá ń lọ sóko. Mi ò tíì jẹ ìkókóré gidi láti ìgbà tí mo ti dé ibí. Ewùrà tí wọ́n ń tà níbí ò fà.

Ọmọ Ṣágámù (Toronto):
Bàbá, ẹ wá sí Toronto.

Ìkẹ́nnẹ́ (Houston):
Kí ni Toronto ní? Àǹtí, ẹ bá mi di gààrí Ìjẹ̀bú, èyí tó kan dáadáa.

Ọmọ Pòrógun:
Leeds ni mò ń padà sí o, kì í ṣe Texas. Ẹni tó bá lè wá gbà á ní Leeds, kó kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀ kó tó di ọjọ́ ọjà.