"Ìfọpẹ́hùwà" ò wọ̀ mí lẹ́nu o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka gbogbo èsì tẹ́ ẹ fún ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìwé kékeré fún ìjọ wọn, tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún kí Kristẹni máa dúpẹ́ lójoojúmọ́ títí tó fi máa mọ́ ọn lára, wọ́n ní "ìdúpẹ́" ti di nǹkan mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Tẹ́ ẹ bá ní "a ní ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè" lónìí, aṣọ tẹ́ ẹ mú àti ẹni tó fẹ́ wá lùlù ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín, ta ló máa rò pé àdúrà àárọ̀ lẹ ń sọ.

Àmọ́ "ìfọpẹ́hùwà" tí wọ́n dábàá yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ta ló máa dé iwájú ìyá ẹ̀ táá ní "mà, mo ń fọpẹ́ hùwà"? "Ìmọrírì" náà dáa láyè tiẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè mọ rírì omi kó má sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

"Ìmoore" ló sún mọ́ ọn jù, àbúrò tó mú un wá ṣe dáadáa. Ohun tó kọ mí lóminú níbẹ̀ ni Róòmù 1:21, Pọ́ọ̀lù ní àwọn èèyàn yẹn mọ Ọlọ́run o, síbẹ̀ wọn ò dúpẹ́. Wọ́n mọ̀, wọn ò dúpẹ́! Ìmoore lè wà nínú kó dákẹ́ síbẹ̀, ọpẹ́ ni ò ṣeé dákẹ́ sí, ẹnu la fi ń dá a, ó sì gbọ́dọ̀ dé etí ẹni tó ṣoore. Wọ́n á ṣe ẹ́ lóore lánàá, wàá dọ̀bálẹ̀ wàá dúpẹ́ títí, ilẹ̀ á tún mọ́, wàá tún lọ kanlẹ̀kùn pé "ẹ ṣé àná o, sà", tó ò bá sì lọ wàá gbọ́ orúkọ tí wọ́n máa pè ẹ́. Adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí Jésù wò sàn nínú Lúùkù 17 ńkọ́? Mi ò rò pé inú àwọn mẹ́sàn-án yẹn ò dùn, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti máa jó lọ sílé, ṣùgbọ́n ará Samáríà yẹn nìkan ló padà wá sọ ọ́ lójú ẹni tó wò ó sàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì tí wọ́n lò fún un níbẹ̀, òun náà ló wà ní Lúùkù 22:19 nígbà tí Jésù mú àkàrà, òun náà ló wà ní 1 Tẹsalóníkà 5:18, "dúpẹ́" sì ni Bíbélì Yorùbá àtijọ́ pè é ní gbogbo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó túmọ̀ Bíbélì yẹn ò dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan síbẹ̀. Kódà ní Kólósè 3:15, tí Gíríìkì ti ní ká jẹ́ ẹni tó kún fọ́pẹ́, "kí ẹ sì máa dúpẹ́" ni wọ́n kọ. "Máa" yẹn ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n wa ń wá ọ̀rọ̀ fún.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àkọlé ìwé ò lè jẹ́ "máa", ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ fẹ́. Kí ló dé tá ò mú èyí táwọn àgbà ń sọ tẹ́lẹ̀, "ọmọ yẹn mọpẹ́ẹ́ dá"? Ìmọpẹ́dá. "Dá" wà nínú ẹ̀, ẹnu ń bẹ níbẹ̀, ó sì fi hàn pé nǹkan téèyàn ń kọ́ ni, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé pé tí wọ́n bá ní "ṣé dáadáa ni?" kó dáhùn pé "a dúpẹ́", yálà owó wà ńlé tàbí kò sí. Òdì ẹ̀ ti wà ńlẹ̀ fún wa ní 2 Tímótì 3:2, "aláìlọ́pẹ́", tí mi ò gbọ́ lẹ́nu èèyàn rí níta ṣọ́ọ̀ṣì, aláìmoore là ń bú ara wa.

Ìyẹn ku ọ̀rọ̀ fáwẹ̀lì. Tá a bá ń sọ ọ́ lẹ́nu, "mọpẹ́ẹ́ dá" máa ń gùn díẹ̀, ẹ ẹ̀ rí i pé "mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà" náà gbé fáwẹ̀lì tiẹ̀ wọ inú àkọtọ́. Ṣé ìmọpẹ́dá ni ká wá kọ ni, àbí ìmọpẹ́ẹ́dá? Èmi á fara mọ́ èyí tó kúrú, ẹ̀yin olùkọ́ èdè tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ bá wa dá sí i.