Rọ́bà àti ìgò omi ni wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ mi

Ìyá Ọmọ Tuntun: Okun o, gbogbo ilé. Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò sùn. Wọ́n ní ọmọkùnrin mi kò lè mí dáadáa, ni wọ́n bá ki rọ́bà kékeré bọ ihò imú rẹ̀, wọ́n wá ri ìdí rọ́bà náà sínú ìgò omi. Omi náà ń hó tọ̀sán-tòru. Ìyá ọkọ mi wá láti Mopa, wọ́n ní ṣé omi ni wọ́n fi ń tọ́jú èèyàn ni? Mo ní kí wọ́n gbé e sí ẹ̀rọ ńlá tó ń bá èèyàn mí, nọ́ọ̀sì kan jágbe mọ́ mi lójú àlejò. Aṣọ tí mo rà sílẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ fún un. Ṣé ká máa gbé e lọ Lọ́kọ́ja ni?

Màmá Ìsánlú: Ẹ pẹ̀lẹ́. Oyún oṣù mélòó?

Bàbá Ìyàrá: Ẹ gbé e lọ! Omi kọ́ ni oògùn.

Màmá Ìsánlú: Ọkọ̀ wo lẹ fẹ́ fi gbé e, Bàbá Ìyàrá? Oṣù méje ni mo bí tèmi, ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lórí irú rọ́bà yìí. Ó ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì báyìí.

Nọ́ọ̀sì Kábà: Ọmọ tí kò tó ọ̀sẹ̀ 34 nínú, oje tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ̀ pọ̀ kò tíì tó. Tó bá mí síta, wọ́n á pa dé, á tún fi agbára ṣí wọn, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Rọ́bà tí wọ́n rì sínú omi ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn jáde tán. Ọmọ ló ń fúnra rẹ̀ mí. Ẹ̀rọ ńlá, ọ̀fun ni rọ́bà tiẹ̀ ń gbà, ipá rẹ̀ sì lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró kékeré léṣe. Ọmọ tí èyí kò bá tó fún ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Tí omi bá dákẹ́ híhó, pè wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni, àbúrò?

Ìyá Ọmọ Tuntun: 30. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ti pọ́n, ẹ̀gbọ́n. Ta ni kò ní ṣàánú rẹ̀? Lóru mo máa ń yọ ọ́ díẹ̀ kó lè sinmi, kí n sì fún un lọ́mú. Àná ètè rẹ̀ dúdú, mo yára dá a padà.

Màmá Ìsánlú: Há! O ń yọ ọ́?

Nọ́ọ̀sì Kábà: Ṣé wọ́n mọ̀?

Ìyá Ọmọ Tuntun: Rárá.

Nọ́ọ̀sì Kábà: Lọ sọ fún wọn nísinsìnyí, sọ ti ètè náà. Wọ́n lè pààrọ̀ rọ́bà sí ìwọ̀n tó bá imú rẹ̀ mu. Fún omi ọyàn sínú kọ́ọ̀bù, rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n á fi gbé e dé ikùn rẹ̀. Bi wọ́n bóyá o lè gbé e lé àyà lásán, pẹ̀lú rọ́bà nímú rẹ̀.

Bàbá Ìyàrá: Síbẹ̀ Lọ́kọ́ja sàn.

Ìyá Ọmọ Tuntun: Nọ́ọ̀sì tó jágbe mọ́ mi ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti dìde. Mo ń lọ bá a.