Ifẹ̀ ni àbí Iléṣà? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, Iléṣà la sì ń gbé. Owó ìwé OAU, ìyẹn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, fúyẹ́. Ṣùgbọ́n yóò gba yàrá, yóò sì máa dáná fúnra rẹ̀. Tó bá lọ sí Yunifásítì Iléṣà, ilé ni yóò ti máa jẹun. Ìyá wa kì í jẹ́ kó jáde láìmu ẹ̀kọ. Ní ti ẹ̀yáwó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kò lélé, 20,000 náírà sì ni owó ìtọ́jú oṣooṣù. Ọkàn mi fà sí Ifẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ibẹ̀, ṣé owó yẹn ń gbé obìnrin dópin oṣù? Bí kò bá rí yàrá ní Mọ́remí, ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin OAU, ńkọ́, àdúgbò wo ló fọkàn balẹ̀?