Àwárí, àlọ́, àti wàhálà "fi": èsì mi lórí orúkọ àwọn géèmù wíwá-nǹkan

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Orúkọ Yorùbá márùn-ún ni mo rí tí ẹ ti kó sílẹ̀ níbí fún oríṣi géèmù kọ̀ǹpútà méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n máa ń to orúkọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ àwòrán pé kí èèyàn wá wọn jáde, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hidden object. Ẹnì kan ní ká pè é ní "eré bojúbojú", ẹlòmíì ní "eré ohun ìpamọ́". Ìkejì ni èyí tí èèyàn ń tẹ nǹkan lójú àwòrán tí ìtàn fi ń tẹ̀ síwájú, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní point-and-click adventure. Fún ìyẹn, a ti gbọ́ "ìrìnkèrindò", a ti gbọ́ "àdììtú", a sì ti gbọ́ "tọ́ka-kí-o-tẹ̀". Nínú márààrún, kò sí èyí tí mo lè fọwọ́ sí. Ohun tí ẹni tó ń gbá géèmù ń fi ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ṣe ló yẹ ká wò ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń tẹ̀ lé yìí, èèṣì ló bí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ bojúbojú wò, torí òun ló dùn létí jù. Kékeré la ti mọ̀ ọ́n: ẹnì kan á di ojú, àwọn yòókù á fọ́n ká, ẹni tó di ojú á máa ké sí wọn pé kí wọ́n para mọ́. Para mọ́, ẹ gbọ́. Ohun tó ní ẹ̀mí lára ló lè para mọ́. Ẹ wá wo Mystery Case Files: Huntsville, tí Big Fish Games ti ìlú Seattle gbé jáde ní 2005, tó jẹ́ pé òun ló sọ oríṣi géèmù yìí di ọjà gidi. Kò sí ohun kan tó para mọ́ níbẹ̀. Gbangba ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n á ya yàrá kan, wọ́n á kó ẹrù kún un fọ́fọ́. Wọ́n á gbé agboòrùn ti ẹsẹ̀ àga tí àwọ̀ àwọn méjèèjì bára mu, wọ́n á ya kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìtàkùn tó wà lára ògiri. Ojú rẹ á kọjá lórí agboòrùn yẹn títí, á máa kà á mọ́ àga. Wally náà, ọkùnrin inú ìwé àwòrán tí wọ́n ní kí òǹkàwé wá jáde, tí Martin Handford ti Bìrìtéènì bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1987, kò sá pamọ́ síbì kankan. Àárín èrò ló dúró sí tòun ti aṣọ onílà pupa òun funfun. Ọ̀pọ̀ èrò ni ayàwòrán fi bò ó.

Ibì kan wà tí bojúbojú ti tọ́ o, mi ò ní fi dù ú. Géèmù Hidden Folks, tí àwọn méjì kan ṣe ní Netherlands ní 2017, dúdú àti funfun ni wọ́n fọwọ́ yà á, ẹnu ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo ìró tó wà nínú rẹ̀. Nínú ìyẹn, o ní láti ṣí àgọ́, kí o gbọn igbó kékeré, kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó yọjú. Ìyẹn, bojúbojú ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ò lè máa sọ gbogbo ẹbí lórúkọ. "Ohun ìpamọ́" náà ní àléébù kan náà, ó tún ní òmíràn tí mo máa dé orí rẹ̀.

Eré àwárí ni mo mú wá. Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀: ẹni tó bá pa òwe yẹn ti sọ pé wíwá náà kò ní tán láìrí i, dandan ni kí iná ọbẹ̀ jó. Bí géèmù yìí ṣe rí gan-an nìyẹn. Tí orúkọ nǹkan bá ti wà nísàlẹ̀ àwòrán, nǹkan náà wà lókè. Wọn kò purọ́ fún ẹ. Bí o bá wá a tí o kò rí i, bọ́tìnnì kan wà tí á ta ẹ́ lólobó. "Wíwá" nìkan kò gbé ìyẹn, torí èèyàn lè wá nǹkan títí kó pòórá. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ìwé ìròyìn ti ń lo àwárí fún ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Kó máa lò ó. "Eré" tó wà níwájú tiwa á yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ohun tí kò tíì sí ẹni tó sọ. Tí a bá ṣe eré àwárí lédè Yorùbá lónìí, àmì ohùn ni gbogbo rẹ̀ máa dá lé. Ẹ fojú inú wo àwòrán ẹ̀yìnkùlé kan. Ohun tí wọ́n tò sísàlẹ̀ rẹ̀ rèé: ọkọ́, ọ̀kọ̀, ọkọ̀, agbọ̀n, àgbọn, agbọ́n. Ọkọ́ wà lórí ebè, ọ̀kọ̀ gbára lé igi, ọkọ̀ ọmọdé kan ti dojú dé sínú iyanrìn. Agbọ̀n wà lẹ́nu ọ̀nà, àgbọn mẹ́ta wà nínú rẹ̀, agbọ́n kan bà sétí rẹ̀. Ẹ bọ́ àmì kúrò, ẹ wo ohun tó kù: oko, oko, oko, agbon, agbon, agbon. Kò sí ẹni tó lè gbá a. Àwọn tó ń ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi irú ẹ̀ tan èèyàn: wọ́n á kọ "bat", o kò ní mọ̀ bóyá àdán ni wọ́n ní kí o wá tàbí igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọgbọ́n nìyẹn lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Lọ́wọ́ tiwa, gbogbo ojú ìwé ni á bàjẹ́. Èmi rò pé géèmù yìí á kọ́ ọmọ wa tó wà lókè òkun, ní Peckham tàbí Houston, ní àmì ohùn ju ìwé àkàgbà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ó di ìkejì. Ìrìnkèrindò lẹ́wà, D. O. Fágúnwà ti fi í sí àkọlé ìwé láti 1954. Àmọ́ ibo ni "adventure" ti wọlé? Ará Amẹ́ríkà kan, Will Crowther, tó fẹ́ràn àtimáa wọ ihò inú àpáta kiri, ló ṣe géèmù kan ní nǹkan bí 1976 tó dá lórí ihò Mammoth Cave ní Kentucky; Don Woods ní Stanford wá fi kún un ní 1977. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni. Adventure ni wọ́n pè é, orúkọ yẹn náà sì ni gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ẹlẹ́bú ní Omo. Nígbà tí Roberta Williams àti ọkọ rẹ̀ Ken ṣe Mystery House ní 1980, tí àwòrán kọ́kọ́ wọ oríṣi géèmù yìí, ilé kan báyìí àti àyíká rẹ̀ ni gbogbo ìtàn náà mọ sí. Ta ló ń rìn kèrindò nínú ilé kan?

Àdììtú ńkọ́? Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: ohun tí a dì tí kò ṣeé tú. Géèmù tí kò bá ṣeé tú, ìyà ni, kì í ṣe eré. Lóòótọ́ ni pé àwọn kan súnmọ́ ọn. Nínú Gabriel Knight 3, ní 1999, ọkùnrin kan fẹ́ fi orúkọ ẹlòmíì yá alùpùpù. Ó ní láti gba irun ológbò, kó fi omi dídùn ara igi lẹ̀ ẹ́ di irunmú, kó lè jọ ẹni náà. Ẹni náà kò sì ní irunmú! Wọ́n tún ní kí o lọ fi kálàmù ya irunmú sára fọ́tò inú ìwé ìrìnnà rẹ̀ kí ó lè bára mu. Ẹni tó bá fẹ́ pe ìyẹn ní àdììtú, mi ò bá a jà.

Lórí tọ́ka-kí-o-tẹ̀, mi ò ní pẹ́. Ìgbà tí èèyàn ní láti fi ọwọ́ kọ àṣẹ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lórúkọ náà ṣe ìtumọ̀. Ó jẹ́ ìyangàn àwọn tó kọ́kọ́ bọ́ kúrò nínú rẹ̀, bíi àwọn tó ṣe géèmù Déjà Vu fún kọ̀ǹpútà Macintosh ní 1985. Lónìí, owó tí mo fi ránṣẹ́ sílé láàárọ̀, títọ́ka àti títẹ̀ náà ni.

Àlọ́ ni mo ní ká pè é. Oríṣi méjì ni àlọ́ wa, àpamọ̀ àti àpagbè: ọ̀kan ń bi ọ́ léèrè, ọ̀kan ń tàn ọ́ lọ sínú ìtàn. Géèmù yìí so méjèèjì pọ̀. Kò sí bí ìtàn ṣe máa lọ síwájú àfi kí o já àlọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Awẹ́ obì kan, àjẹdọ́yọ̀ọ́: ẹni tó pa á ti fún ọ ní gbogbo ohun tí o nílò, ahọ́n náà wà lẹ́nu rẹ bí o ti ń rò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́kọ́rọ́ á ti wà nínú àpò rẹ láti ìgbà tí o ti wọ yàrá kejì. Géèmù King's Quest tí Roberta Williams yẹn kan náà bẹ̀rẹ̀ ní 1984, inú àlọ́ àwọn ará Yúróòpù ló ti kó nǹkan rẹ̀ jọ. Arákùnrin kan níbí ti sọ pé tí a bá pè é ní àlọ́, àwọn ọmọ á rò pé eré àwòrán Ìjàpá la ń wí, mo gbọ́. Ó ní ká sọ pé "eré àpamọ̀" kó lè yàtọ̀. Ibí ni àléébù kejì tí mo ní "ìpamọ́" ní ti jáde: àpamọ̀ ni à ń já, ìpamọ́ ni ohun tí a fi pa mọ́. Lórí fóònù tí kò sí ẹni tó ń fi àmì sí nǹkan, apamo àti ipamo ni wọ́n á dà, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Géèmù méjì tó wà lórí àtẹ kan náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ tó súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Eré àlọ́, eré àwárí. Kò sí ẹni tó máa ṣì wọ́n gbọ́. Èyí tó bá da méjèèjì pọ̀, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Artifex Mundi ń ṣe ní Pólàǹdì, á jẹ́ eré àlọ́ aláwàárí.

Ṣùgbọ́n orúkọ ni èyí tó rọrùn. Inú géèmù gan-an ni iṣẹ́ wà. Láti ìgbà Maniac Mansion ní 1987, àwọn Ron Gilbert ní Lucasfilm Games ti máa ń to ọ̀rọ̀-ìṣe sísàlẹ̀ àwòrán; nígbà tó fi di Monkey Island 2 ní 1991, 9 ló kù. O tẹ ọ̀rọ̀-ìṣe, o tẹ nǹkan, gbólóhùn á máa kọ ara rẹ̀ jáde bí o ti ń tẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lédè Yorùbá. Ṣíṣí kò le. Pípadé ńkọ́? Tì. Èyí tí èèyàn á fi ọwọ́ bì síwájú ńkọ́? Tì náà ni. Bọ́tìnnì méjì, ọ̀rọ̀ kan. Ẹ jẹ́ ká fi "pa dé" fún ti àkọ́kọ́, ká kọjá lọ. Fún mímú nǹkan, Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ kan. Àwa ń he owó, à ń gbé àpótí, à ń já èso, à ń bu iyanrìn. Mo fara mọ́ "mú", kó tilẹ̀ jẹ́ pé "mú àpótí" ń ta mí létí.

Èyí tó le jù ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń ní kí o lo nǹkan kan sára òmíràn. Ẹnì kan ti tú u níbí pé "Lo kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú ilẹ̀kùn". Bí dókítà ṣe ń sọ pé ká lo oògùn pẹ̀lú omi nìyẹn. Bíi pé kí n gbé àwọn méjèèjì mì pọ̀ ló dún létí mi. "Fi" la máa ń sọ: fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn, fi okùn so ó, fi omi pa iná. Ẹ wá rí wàhálà ibẹ̀. "Fi" kò lè dá dúró, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe kejì, ọ̀rọ̀-ìṣe kejì yẹn sì ni ìdáhùn àlọ́ náà! Tí géèmù bá ti kọ ọ́ jáde, ó ti já a fún ọ. Ohun tí mo ń lò báyìí ni "fi … dán … wò": fi kọ́kọ́rọ́ dán ilẹ̀kùn wò, fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dán ọ̀bọ wò. Kò tú àṣírí.

Ọ̀bọ yẹn kò ṣàdédé wọlé. Nínú Monkey Island 2, ọ̀bọ kan ń tẹ dùùrù ní ilé ọtí. O gbọ́dọ̀ gbé e, kí o sì fi ara rẹ̀ yí ẹ̀rọ tí á dá ìṣàn omi kan dúró, nítorí pé irinṣẹ́ kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní monkey wrench, bí ẹni ní sípánà ọ̀bọ. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Bìrìtéènì, níbi tí àwa náà ti gba sípánà wa, á jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí bí a ṣe lè tú èyí, àfi ká pa àlọ́ mìíràn sí ipò rẹ̀. Èmi á lo ahun. Ìyá kan lọ́jà á ní òun kò ní gbé àpò owó òun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi ahun. Ẹni tó ń gbá géèmù á yí ìlú po, á máa wá ẹni tí kì í náwó, bẹ́ẹ̀ ahun ń rá pálá lábẹ́ àtẹ ìyá náà láti òwúrọ̀.

"Fi … dán … wò" ṣì ń kọ mí lóminú ní ibì kan: kò bá nǹkan mímu àti oúnjẹ mu dáadáa. Fi iyọ̀ dán ọbẹ̀ wò, ṣé ó dún bí i Yorùbá létí yín? Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ kó kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.