Ohun tó yẹ ká tẹ̀ àti ohun tó yẹ ká fẹnu sọ

Àìsí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ló ń ba àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá jẹ́. Ẹni tó kọ «Mo fe soro lori oko yen», kí ló ní lọ́kàn? Ṣé oko tí à ń dá ni, àbí ọkọ̀ tí à ń wà, àbí ọkọ ẹnìkan? Lẹ́nu, bí a ṣe ń pè wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí èèyàn tó mí.

Àmì náà sì lówó lórí. SMS kan ń gba lẹ́tà 160 tó bá jẹ́ lẹ́tà lásán. Ẹ fi ẹyọ ẹ, ọ tàbí ṣ kan péré sí i, gbogbo rẹ̀ á já wálẹ̀ sí 70. Tó bá ti lé ní 70, ó di péèjì 67-67, wọ́n á sì yọ owó péèjì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kékeré à, è, ì, ò àti ù kì í fa èyí. Ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú náà ń fà á. «Ọ̀wọ̀» tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú yín, àyè márùn-ún ló gbà, torí fóònù ka àmì orí ọ lọ́tọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn pa àmì tì. Ṣùgbọ́n lórí WhatsApp, kò sí péèjì tí wọ́n ń kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàmì sí i.

* * *

Nọ́ńbà àkáǹtì ní tiẹ̀, títẹ̀ ló yẹ ẹ́. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já, «fáìfù» àti «náìnì» á jọra létí. Ẹ fi nọ́ńbà 10 náà nìkan ránṣẹ́, kí orúkọ àti báńkì wà nínú òmíràn. Ẹni tó fẹ́ sanwó á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á kọ́pì rẹ̀, kò ní máa pa orúkọ rẹ́ kúrò lára rẹ̀.

* * *

Sí àgbàlagbà, ẹ pè wọ́n. «Ok» kò ní ìkúnlẹ̀ nínú. Tí wọn ò bá gbé e, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ẹ tẹ máìkì mọ́lẹ̀, ẹ fà á sókè kó lè máa gbà á fúnra rẹ̀. Ẹ kí wọn tán kí ẹ tó dẹ́nu lé ọ̀rọ̀, kó má sì ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, torí afẹ́fẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ máa ń bo ohùn.

Ọ̀rọ̀ ikú ló ká mi lára jù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ olóògbé. Ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, ọkọ, aya tàbí aládùúgbò. Ẹ bi í bóyá ẹni náà ń wakọ̀, bóyá òun nìkan ló wà, kí onítọ̀hún lọ jókòó tì í ná. Bí ẹnìkan bá gbé «RIP» sí status rẹ̀ ní ìdájí, ọmọ tó wà ní Lọ́ndọ̀nù lè rí i lórí bọ́ọ̀sì, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.